Ẹni Kẹrin Tó Ń Bó Ẹ̀gẹ́

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa: mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan, mi ò sì kà á níbì kankan. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọwọ́ mi yìí náà ló tẹ kámẹ́rà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó máa wí. Mi ò ní bá a jà, mi ò sì ní fi fọ́tò náà hàn án.

Ẹ ó ti máa retí pé kí n sọ̀rọ̀ òru fún yín, kí n ní òṣùpá ò sí, kí n ní ajá ń hu. Ó tì o. Ọ̀sán ni. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, adìẹ ń jẹ kiri, aṣọ wà lórí okùn. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú títí dòní.

Ayàwòrán ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ore, kò jìnnà síbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Benin ti máa ń dúró jẹun. Pásípọ́ọ̀tù, ìkómọ, ìgbéyàwó, iṣẹ́ tó ń bọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú fọ́tò kan wà tó wù mí ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Tí ẹ bá wọ ilé àwọn èèyàn wa ní oko, ẹni tó wọ aṣọ ìmúròde ni ẹ máa rí lára ògiri, tó dúró gbagidi, tó le ojú bí ẹni tí ọlọ́pàá ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ya ìyá níbi tó ti ń wẹ ọmọ, tàbí bàbá níbi tó ti ń pọ́n àdá rẹ̀. Bí a ṣe ń gbé gan-an kì í sí níbẹ̀.

Òun ni mo ń lé kiri. Tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, màá gun ọ̀kadà lọ sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Odigbo, màá jókòó ti ìdílé kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Màá ní, "Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, ẹ ṣe bíi pé mi ò sí níbí." Ní wákàtí àkọ́kọ́, gbogbo wọn á máa tún gèlè ṣe, wọ́n á máa yọ eyín sí mi. Tó bá yá, wọ́n á gbàgbé mi. Ìgbà yẹn ni fọ́tò tó dáa máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdílé tí mò ń sọ yìí, ẹ forí jì mí, mi ò ní dárúkọ abúlé wọn. Tọkọtaya kan ni, àti ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ọkọ ń ṣe oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́, ìyàwó ń yan gàrí. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, aṣọ ìjọ mẹ́ta ló wà lórí okùn, ńlá méjì, kékeré kan. Ọmọ náà á tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Yétúndé lorúkọ rẹ̀.

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ. Oyún ọmọ náà wà ní oṣù márùn-ún nígbà tí ìyá tó bí ìyàwó yìí kú. Bó ṣe di pé obìnrin ló bí, kò sẹ́ni tó bá ẹnìkan jiyàn mọ́. Ìyá ti padà wá.

Ẹ wò ó, ohun tó mú mi fẹ́ràn ilé náà rèé. Láràárọ̀, Ìyá Yétúndé á kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe ṣeréṣeré o, orúnkún méjèèjì ló ń kanlẹ̀. Á ní, "Ìye mi, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ìye ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìyá. Yétúndé, tí ikun ṣì wà ní imú rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé ìyá rẹ̀ lórí, á ní, "Mo jí o." Bàbá rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, á gbé e sórí itan, á máa bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. "Àna mi pàtàkì," ló ń pè é. Ọ̀pọ̀ fọ́tò ni mo yà níbẹ̀, tí mo ń rẹ́rìn-ín fúnra mi lẹ́yìn kámẹ́rà.

Bàbá Yétúndé sọ fún mi pé nígbà tí àna òun kú, ìyàwó òun ò jẹun, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ògiri, tòun ti oyún nínú.

"Ọmọ yìí ló gbé e dìde, Àǹtí fọ́tò," ló wí. Àǹtí fọ́tò ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n bó ẹ̀gẹ́. Àáró ni àwọn obìnrin abúlé náà ń ṣe: lónìí wọ́n á bá lágbájá bó tirẹ̀, lọ́la wọ́n á lọ sílé ẹlòmíì. Ẹni tó bá ti mú ọ̀bẹ wá, tó jókòó, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ta ló pè é. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe.

Wọ́n jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká níwájú ilé, Ìyá Yétúndé àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjì. Baálé ilé ti lọ sóko. Mo ti ń yà wọ́n fún bíi wákàtí kan kí n tó rí i pé ẹnì kẹrin wà. Ìyá arúgbó kan ni. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ara ilẹ̀kùn, ó ń bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gẹ́ díẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìgbà tí mò ń pààrọ̀ bátìrì ló dé.

Mi ò kì í ya ẹni tí mi ò bá tíì kí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe ń ṣiṣẹ́ mi nìyẹn. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ó mi orí sí mi. Ìró aláró tó ti ṣá ló wà nídìí rẹ̀. Kò wọ bàtà, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú, wọ́n ń dán, bí ẹni tó tẹ ọ̀dà.

Mo yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, bóyá ẹ̀ẹ̀meje.

Ó wá bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. "Ọma ta ni yẹn?"

Yétúndé ló na ọ̀bẹ sí. Ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, ó ń wò wá. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí lọ síbẹ̀, kò lọ mú un. Mo rò pé ìyá arúgbó náà ti lù ú rí ni.

"Ọmọ Ìyá Yétúndé ni, mà," ni mo dá a lóhùn.

Ó wo ọmọ náà pẹ́. "Kò jọ wá," ló wí.

Ẹ gbà mí gbọ́, inú bí mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé olófòófó ìyá rèé, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí kò dáa kan ọmọ ọlọ́mọ, kó sì tibẹ̀ ba ìyá ọmọ jẹ́. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò gbé omi wá. Ó bu fún Ìyá Yétúndé, ó bu fún ẹnì kejì rẹ̀, ó bu fún mi, ló bá gbé ike omi sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní nínú ọkàn mi, irú èèyàn wo lẹ̀yin yìí, àgbàlagbà lẹ fò! Bí inú ṣe bí mi sí ìyá náà tó, mi ò lè wo irú ìyẹn. Mo gbé ife tèmi tọ̀ ọ́ lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìka rẹ̀ kan tèmi. Kò tutù, kò gbóná.

Lójijì ni òjò ṣú. Gbogbo wa sáré kó ẹ̀gẹ́ wọlé. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nìkan lórí àpótí mọ́. Ife wà níbẹ̀, omi inú rẹ̀ ò dín. Mo ní ìyá náà ti sáré lọ sílé rẹ̀ kí òjò tó ká a mọ́. Mo máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo bá yà sínú ìwé kan, ṣùgbọ́n òjò yẹn ò jẹ́ kí n béèrè tirẹ̀. Mo wá ọ̀kadà, mo padà sí Ore.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń ṣa èyí tó dáa. Fọ́tò ìyá náà ò ní àbùkù kankan. Ojú rẹ̀ hàn kedere, iṣan ọwọ́ rẹ̀ hàn, òjìji rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn bó ṣe yẹ kó wà. Ká sòótọ́, òun ló dáa jù nínú iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́dún yẹn. Mo tẹ fọ́tò méjìlá jáde. Mo fi tirẹ̀ sókè pátápátá, torí mo fẹ́ ṣe fọ́nńté, mo sì kó wọn padà lọ sí abúlé náà.

Àṣìṣe kejì rèé, òun ló sì burú jù. Ẹ má tíì bú mi, ẹ̀yin náà ì bá ṣe é. Tí ẹ bá gbé nǹkan wọ ilé onílé, ta lẹ máa kọ́kọ́ fún? Baálé ilé ni. Ìyá Yétúndé wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń yan gàrí. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ń kígbe, "Àǹtí fọ́tò, ẹ gbé e wá kí n rí i!" Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí olórí ilé wò ó ná." Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Bàbá Yétúndé ń sá kòkó lórí ẹní níwájú ilé. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó gbà á. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà ò kúrò lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ.

"Níbo lẹ ti rí èyí?" Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Níbí ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bó ẹ̀gẹ́. Ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni?"

Ó jókòó, àárín kòkó ló jókòó sí. "Àna mi ni."

"Àna yín èwo?"

"Àna kan ṣoṣo ni mo ní, Àǹtí fọ́tò."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, bóyá àbúrò wọn ni, bóyá wọ́n kàn jọra. Ó mi orí. Ó ní Agbabu, ìlú rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí, òun wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Ó fi ìka tọ́ gìgísẹ̀ dúdú yẹn. Ó ní ọ̀dà tó ń sun látinú ilẹ̀ Agbabu nìyẹn, ìyá náà ò fẹ́ràn bàtà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ti ìlú rẹ̀ dé. Ó ní ìyá ò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀, kódà nígbà ìsìnkú, wọn ò rí fọ́tò gbé síwájú pósí.

Mi ò sá, mi ò pariwo. Kòkó ń rùn nínú oòrùn, èéfín gàrí ń gba ẹ̀yìnkùlé wá.

"Ẹ gbé e pamọ́," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò gbọdọ̀ rí i. Tí ìyá bá ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ta wá ni…" Kò parí rẹ̀. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni Yétúndé sáré dé. Bó ṣe máa ń ṣe, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló kọjú sí tààrà, ó fẹ́ gun itan rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dìde. Kò tì í, kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn dìde, ó ń lọ sábẹ́ igi, bíi pé ó rántí nǹkan tó fẹ́ wò níbẹ̀. Ọmọ náà dúró sórí ẹní pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè.

Ẹ̀rù tí kò bà mí nígbà tí wọ́n ní òkú ni mo bá sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ló bà mí.

Mo ti fọ́tò náà sísàlẹ̀ báàgì, mo kó mọ́kànlá tó kù lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Yétúndé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú nítorí èéfín. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó yọjú wò bóyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ó wá sún mọ́ mi.

"Ti ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Ẹnu ọ̀nà wo?" Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Àǹtí fọ́tò, mo rí yín nígbà tí ẹ fún un lómi. Ẹ ṣeun."

Mo jókòó sórí àpò gàrí, àpò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé. Kò tilẹ̀ bá mi wí.

Ó sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́, ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ nínú agbada. Ó ní láti ìgbà tí Yétúndé ti ń rákò ni ìyá òun ti ń wá, lọ́jọ́ ẹ̀gẹ́ nìkan. Àwọn tó kù kì í rí i. Ó ní òun bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ní "Ìye mi," ìyá sì kúrò níbẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi wá mọ́. Látìgbà náà, òun kàn máa ń gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, òun á da ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á panu mọ́.

"Yétúndé ńkọ́?" ni mo bi í. "Ẹ ṣì ń kúnlẹ̀ fún un."

"Ọmọ mi ni." Ó tún ro gàrí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyá mi, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni bàbá ẹ̀ ń retí. Nígbà tí wọ́n ní obìnrin ni, ọjọ́ méjì ni kò fi wọlé wá wò wá. Ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé àna ẹ̀ ló dé, ìgbà yẹn ló sáré wọlé, tó gbé e. Kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ láti ọjọ́ náà."

Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo yọ ọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó tún un nù. Ó wo fọ́tò náà títí tí gàrí fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, kò sì gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ti rù," ló wí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, èyí kì í ṣe ti èéfín mọ́.

Òun kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ kankan rí. Èyí nìkan ló wà láyé. Mo rò pé ó máa fi sáyà ni. Àmọ́ ó fà á padà lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹ gbé e lọ sí Ore. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí bàbá ẹ̀ rí i o. Tó bá lè rí i, ọmọ mi ò ní bàbá mọ́."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Gbogbo ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde, mo kọjá lára ọkọ rẹ̀ tó ṣì dúró lábẹ́ igi. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì sọ fún Ìyá Yétúndé pé ọkọ rẹ̀ ti rí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹ́ dáná sun fọ́tò yẹn. Nígbà méjèèjì, ojú Ìyá Yétúndé nídìí agbada ló ń wá sí mi lọ́kàn, mo sì gbé ìṣáná sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá Yétúndé gun ọ̀kadà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mú ọmọ náà dání, wọ́n fẹ́ fi í sílé ìwé, wọ́n sì ní kó mú pásípọ́ọ̀tù wá. Yétúndé ti ga díẹ̀. Mo gbé e sórí àga, mo tún kọ́là rẹ̀ ṣe, mo yà á. Bàbá rẹ̀ ò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ṣé òun nìkan ló wà nínú ẹ̀?" ló bi mí.

Mo yí kámẹ́rà sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i. "Òun nìkan ni. Ẹ wò ó dáadáa, imú yín gan-an ló gbé."

Ó wò ó pẹ́. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó kó o sápò, ó lọ jókòó sórí ọ̀kadà. Yétúndé dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bàbá rẹ̀ ń wo iwájú.

"Àǹtí fọ́tò," ó ní, "ẹ bá mi gbé e."

Mo gbé e. Mo gbé e síwájú rẹ̀, sáàárín apá rẹ̀ méjèèjì, ọmọ náà sì fẹ̀yìn ti àyà bàbá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo ń wò wọ́n lọ, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa jẹ́ kó fẹ̀yìn ti òun, tàbí ó máa sún sẹ́yìn. Tírélà kan gba àárín wa kọjá. Nígbà tó fi máa kọjá tán, mi ò rí wọn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, tàbí tí ẹ kàn ń fi fóònù ya ilé onílé, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò ṣe mí ní nǹkan kan, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kí i, kí ẹ fún un lómi. Ṣùgbọ́n tí fọ́tò bá jáde, ìyá ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e fún, ẹ jẹ́ kó yọ èyí tó bá fẹ́ yọ, kí ẹ tó jẹ́ kí ojú bàbá kankan kàn án.